Àpáta kan, ọ̀nà mẹ́rin: èwo ni kí ẹ yàn ní North Berwick?

Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń tà fún àlejò ní North Berwick, ìlú etí òkun kan ní Scotland. Ọlọ́kọ̀ ojú omi ń tà á. Ilé ẹyẹ òkun tó wà ní èbúté ń tà á. Ilé olódi tó ti wó kù díẹ̀ létí bèbè òkun náà ń tà á. Òkè tó wà lẹ́yìn ìlú nìkan ni kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ohun kan náà lòun náà sì ń fi hàn yín. Ohun ọ̀hún ni Bass Rock, àpáta kan ṣoṣo tó yọrí láàárín òkun, tó ga tó mítà 107, tó sì máa ń funfun nígbà ooru. Yìnyín kọ́ ló sọ ọ́ di funfun o. Ẹyẹ ni, àti ìgbẹ́ ẹyẹ.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá bi mí pé ibo ló yẹ kóun lọ ní North Berwick, èmi náà á kọ́kọ́ bi í pé: báwo lo ṣe fẹ́ sún mọ́ àpáta yẹn tó, àwọn wo lo sì ń kó lọ? Ibẹ̀ ni yíyàn wà. Ìràwọ̀ márùn-ún tí wọ́n fún ibì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò mọ̀ bóyá ọmọ ọdún mẹ́ta ló wà lẹ́yìn yín tàbí màmá tó ń fẹsẹ̀ ro.

Ìlú kékeré ni, ní etí òkun East Lothian, nǹkan bíi kìlómítà 40 sí Edinburgh. Reluwé láti Waverley, ibùdókọ̀ reluwé ńlá Edinburgh, kì í gbà ju ìdajì wákàtí àti ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ibẹ̀ náà ló sì parí sí, kò sí pé ẹ sùn kọjá ibùdókọ̀ yín. Ẹ ó rìn wálẹ̀ díẹ̀, ẹ ó gba àárín ìlú kọjá, ẹ ti dé etí omi nìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń gbé Edinburgh, Glasgow tàbí Dundee, ọjọ́ kan la máa ń rí yọ lẹ́nu iṣẹ́ tàbí ẹ̀kọ́, ọjọ́ kan ò sì lè gba ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó lè gba méjì, tí ara ò sì ní ni yín jù.

Ọkọ̀ ojú omi tàbí ilé ẹyẹ òkun?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi méjì yìí wéra, torí èbúté kan náà ni wọ́n wà, ibẹ̀ sì ni iyèméjì ti máa ń mú àlejò jù.

Ẹ̀yin tó bá lè wọ ọkọ̀, ẹ wọ ọkọ̀. Ọkọ̀ ńlá máa ń gbé èèyàn gba ẹ̀gbẹ́ Craigleith, erékùṣù kékeré tó sún mọ́ ìlú, kó tó kọjú sí Bass Rock. Gbogbo rẹ̀ máa ń tó nǹkan bíi wákàtí kan. Kí ẹ tó dé ìdí àpáta náà ni òórùn rẹ̀ á ti pàdé yín, pàápàá bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ bọ̀. Òórùn ẹja tó ti pẹ́ ni, ó sì máa ń wọ aṣọ. Lẹ́yìn náà ni ariwo, ìró kan tó le, tí kì í sinmi, láti ọ̀nà ọ̀fun ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyẹ. Bí ẹ bá gbójú sókè, ẹ ò ní rí ojú ọ̀run dáadáa.

Gannet ni orúkọ ẹyẹ yìí. Funfun ni ara rẹ̀, ṣóńṣó ìyẹ́ rẹ̀ dúdú, orí rẹ̀ sì ní àwọ̀ gààrí tí wọ́n fi epo díẹ̀ yan. Bó bá na ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà méjì. Bó ṣe ń pẹja ló yẹ kí ẹ rí. Á fò sókè, á máa wo omi, bó bá ti rí ẹja, á dojú délẹ̀. Kó tó kan omi gan-an ló máa ká ìyẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn pátápátá, tí kò ní ju ọrùn àti àgógó ẹnu lọ, á sì wọlé gbọnrangandan. Eré tó ń bá wọ omi lè tó kìlómítà 100 ní wákàtí kan. Nígbà mìíràn wọ́n á máa já bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà ní ọ̀tún àti ní òsì ọkọ̀, èèyàn ò ní mọ ibi tó máa wò.

Àwọn onímọ̀ tiẹ̀ fi orúkọ àpáta yìí sọ ẹyẹ náà: Morus bassanus ni wọ́n ń pè é nínú ìwé. Lọ́dún 2014, wọ́n ka ojú ìtẹ́ 75,259 lórí àpáta náà, kò sì sí ibòmíràn láyé tí irú ẹyẹ yìí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Lọ́dún 2022, bird flu wọ àárín wọn. Àìsàn yìí kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni tó ti sin adìyẹ rí ní Nàìjíríà. Nígbà tí wọ́n máa fi kà wọ́n lọ́dún 2023, 51,844 ló kù. Bí ẹ bá wo ara àpáta dáadáa láti inú ọkọ̀, ẹ lè rí ibi tó ṣófo. Ohun ìyanu kan tún jáde níbẹ̀: ojú gannet máa ń ní àwọ̀ búlúù tó mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ojú àwọn kan tó kó àìsàn náà tí wọn ò kú ti di dúdú. Ẹ mú awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn dání, kí ẹ wo ojú wọn.

Ọkọ̀ rọ́bà aláre náà wà. Òun yára ju ọkọ̀ ńlá lọ, ó ń sún mọ́ àpáta dáadáa, ó sì ń fi omi wẹ èèyàn. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn tàbí ẹni tó lóyún kò ní ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Ẹ ó tún gbọ́ pé àwọn kan ti fẹsẹ̀ tẹ orí àpáta náà rí. Òótọ́ ni, àmọ́ ìgbì àti ìlera àwọn ẹyẹ ló ń pinnu ìyẹn, kì í ṣe owó ọwọ́ yín. Ẹ má torí ẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú.

Àléébù ọkọ̀ ni pé ìgbì lọ̀gá. Atẹ́gùn láti ìlà oòrùn tàbí àríwá á fẹ́ lóru, ní àárọ̀ wọ́n á ní ọkọ̀ ò ní lọ mọ́. Ẹ wo íméèlì tàbí fóònù yín kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹni tí òòyì ọkọ̀ máa ń kọ́, kó lo oògùn rẹ̀ kó tó wọlé; bí ọkọ̀ bá dúró nídìí Bass Rock tó ń mì sọ́tùn-ún sósì, tí òórùn yẹn tún dà bò ó, oògùn ò tún wúlò mọ́.

Scottish Seabird Centre, ilé ẹyẹ òkun náà, wá ńkọ́? Ọdún 2000 ni wọ́n ṣí i, ilé iṣẹ́ àánú ni, owó ìwọlé yín sì ń lọ sídìí ìtọ́jú àwọn ẹyẹ àti òkun. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni pé wọ́n gbé kámẹ́rà sórí àwọn erékùṣù, àlejò á dúró nínú ilé tó móoru, á máa darí kámẹ́rà náà fúnra rẹ̀. Ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀ dé góńgó, torí ohun tó ń tẹ̀ lọ́wọ́ níbí ló ń yí ojú ohun kan lọ́hùn-ún lórí òkun.

Ibi tí mo ti yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ èèyàn rèé: wọ́n máa ń sọ pé ẹni tí kò rí ọkọ̀ wọ̀ ló ń lọ síbẹ̀. Rárá o. Láti inú ọkọ̀, ọ̀kẹ́ àìmọye ẹyẹ lẹ̀ ń rí, ẹ ò rí ẹyọ kan dáadáa. Kámẹ́rà á fi ìyá hàn yín níbi tó ti la ẹnu gbàgà, tí ọmọ rẹ̀ sì ki gbogbo orí bọ̀ ọ́ lọ́nà ọ̀fun láti gba ẹja. Ọkọ̀ kankan ò lè gbé yín dé ibẹ̀.

Wọ́n tún máa ń sọ ìtàn Craigleith níbẹ̀, ó dáa kí ẹ gbọ́ ọ. Puffin, ẹyẹ kékeré tí àgógó ẹnu rẹ̀ ní àwọ̀ mélòó kan, inú ihò ilẹ̀ ló ń yé ẹyin sí. Lọ́dún 1999, tọkọtaya puffin bí 28,000 ló wà ní Craigleith. Igi kan tí wọ́n ń pè ní tree mallow wá gba erékùṣù náà. Wọ́n ní àwọn sójà ayé àtijọ́ ló gbìn ín sórí Bass Rock láti fi wo egbò, ibẹ̀ ló sì ti tàn ká. Igi náà ga ju èèyàn lọ, ó dí ẹnu ihò, puffin dín kù di ẹgbẹ̀rún mélòó kan. Láti ọdún 2007 làwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ti ń wọkọ̀ lọ gé e, puffin sì ti ń padà.

Nítorí náà, ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún: ilé ẹyẹ òkun. Ọmọ tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí àgbà tí ara rẹ̀ le: ọkọ̀. Bí owó bá wà, tí ẹ fẹ́ ṣe méjèèjì, ẹ kọ́kọ́ wọ inú ilé kí ẹ tó wọ ọkọ̀, torí ẹ ó ti mọ orúkọ ohun tí ẹ ń wò.

Ọ̀rọ̀ ìgbà wà níbẹ̀ tó ṣe pàtàkì fún ẹ̀yin ará London. Gannet máa ń wà láti nǹkan bí oṣù kejì títí dé oṣù kẹwàá, ṣùgbọ́n puffin á ti kó lọ sójú agbami bí oṣù keje bá ti ń parí. Ìparí oṣù keje náà sì ni iléèwé máa ń gba ìsinmi ní England. Ẹni tó bá kó ọmọ wá ní oṣù kẹjọ torí puffin ti pẹ́ dé. Iléèwé Scotland ti máa ń gba ìsinmi kí oṣù kẹfà tó tán tàbí lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀, àǹfààní tiwa nìyẹn.

Òkè tàbí ilé olódi?

Òkè Berwick Law ga tó mítà 187. Ẹ lè rìn dé ìdí rẹ̀ láti ibùdókọ̀ reluwé, ẹ sì gùn ún lọ́fẹ̀ẹ́. Ojú ọ̀nà rẹ̀ tẹ́ níbẹ̀rẹ̀, ó wá ń le sí i, òkè pátápátá níbi tó kù díẹ̀ ni àpáta àti ẹrọ̀fọ̀ wà. Bàtà tí ẹ wọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kò lè gùn ún. Àwọn ẹṣin kékeré tó ń jẹko níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́ fún fọ́tò, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jẹko wọn.

Lórí òkè náà, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ àbùùbùtán méjì dúró bí ẹnu ọ̀nà. Láti ọdún 1709 ni irú rẹ̀ ti wà níbẹ̀. Bó bá jẹrà, wọ́n á gbé òmíràn síbẹ̀. Lọ́dún 2005, wọ́n gbé èyí tó kẹ́yìn kúrò torí kó má baà wó lu èèyàn, ní 2008 ni wọ́n wá fi èyí tí wọ́n fi fáíbà ṣe rọ́pò rẹ̀. Egungun gidi kọ́ lẹ ó ya fọ́tò pẹ̀lú nígbà náà, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀.

Ohun tí òkè yìí ní tí àwọn yòókù ò ní ni pé òun nìkan ló ń fi bí ilẹ̀ ṣe tò hàn yín. Òkè ayọnáyèéfín ló bí Bass Rock, òun ló bí òkè tí ẹ dúró lé, òun náà ló bí Arthur's Seat tí ẹ̀ ń wò lókèèrè ní Edinburgh. Ohun gbígbóná tó dì sí ọ̀nà ọ̀fun òkè oníná ni wọ́n. Ilẹ̀ tó rọ̀ tó yí wọn ká ti jẹ lọ, àwọn le, wọ́n dúró. Ẹ ó rí odò Forth bó ṣe ń fẹ̀ dòkun, ẹ ó rí Fife lódìkejì. Bass Rock fúnra rẹ̀ á kéré lójú yín láti ibẹ̀ ṣá.

Tantallon, ilé olódi náà, wá yàtọ̀. Ìdílé Douglas ló kọ́ ọ ní àwọn ọdún 1350, ní nǹkan bíi kìlómítà márùn-ún sí ìlà oòrùn ìlú. Ilẹ̀ tó yọ sínú òkun ni wọ́n kọ́ ọ sí, bèbè tó ga ló sì ń ṣọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkun. Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ilẹ̀ ni wọ́n mọ odi ńlá kan sí láti bèbè dé bèbè, òkúta pupa, tó nípọn ju mítà mẹ́ta àti ààbọ̀ lọ, wọ́n sì gbẹ́ yàrà síwájú rẹ̀. Ọba James Kẹrin gbógun tì í lọ́dún 1491, James Karùn-ún lọ́dún 1528, odi ò wó. Lọ́dún 1651 ni àwọn ọmọ ogun Cromwell, ọ̀gágun ilẹ̀ England, gbé ìbọn àgbá wá, wọ́n rọ̀jò ọta lé e lórí fún ọjọ́ méjìlá. Ibi tí ọta bà wà níbẹ̀ títí dòní.

Tantallon ni ibi tó sún mọ́ Bass Rock jù lọ lórí ilẹ̀ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àpáta náà dúró gangan lọ́ọ̀ọ́kán yín. Ẹ ó rí ẹyẹ bí wọ́n ṣe ń tò lọ tò bọ̀ láìwọ ọkọ̀. Ibẹ̀ sì ni ìtàn àpáta náà ti yé èèyàn jù, torí ẹ̀wọ̀n ni Bass Rock jẹ́ láyé àtijọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n kó àwọn Covenanter sí ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, àwọn onígbàgbọ́ tí wọ́n kọ̀ kí ọba máa pàṣẹ fún ìjọ. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti ọdún 1691. Àwọn ọ̀gá ológun mẹ́rin tó jẹ́ ti Ọba James Keje, ọba tí wọ́n ti lé kúrò lórí ìtẹ́, ló wà lẹ́wọ̀n níbẹ̀. Ọjọ́ kan, àwọn ẹ̀ṣọ́ jáde lọ já èédú sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ni àwọn ẹlẹ́wọ̀n bá ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn síta. Wọ́n di àpáta náà mú títí di ọdún 1694, ọkọ̀ Faransé ń gbé oúnjẹ fún wọn, ìjọba ò rí wọn gbé ṣe.

Àléébù Tantallon ni ọ̀nà. Bí ẹ kò bá ní mọ́tò, bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí ọ̀nà Dunbar lẹ máa wọ̀, kì í sì í wá lemọ́lemọ́. Ẹ ya fọ́tò àkókò ìpadàbọ̀ kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀. Ẹ má fẹsẹ̀ rin ojú títì yẹn pẹ̀lú ọmọ. Wọ́n lè ti apá kan ibẹ̀ bí ìjì bá ń jà tàbí tí wọ́n bá ń yẹ òkúta wò, ẹ wo wẹ́ẹ̀bù Historic Environment Scotland, àjọ tó ń bójú tó ilé olódi náà, lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ẹ bá ti ń san owó ọmọ ẹgbẹ́ wọn torí ilé olódi Edinburgh tàbí Stirling, ẹ ò ní san kọ́bọ̀ mọ́ níbí, ìdáhùn yín ti yá nìyẹn.

Ẹni tó wọ reluwé wá, tó lẹ́sẹ̀ le, tí kò fẹ́ náwó: òkè. Ẹni tó ní mọ́tò, tàbí tó fẹ́ràn ìtàn ogun: Tantallon. Bí màmá yín bá wá láti Ìbàdàn wá tọ́jú ọmọ-ọmọ, Tantallon ni, ẹ rọra mú wọn rìn lórí koríko, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gun àtẹ̀gùn ilé ìṣọ́ o. Ẹ fi ìborùn mìíràn sínú mọ́tò fún wọn. Atẹ́gùn ibẹ̀ kì í mọ̀ pé oṣù keje la wà.

Bí kùrukùru òkun bá bo ìlú, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní haar, ọ̀rọ̀ yí padà. Kò sí ohun tí ẹ máa rí lórí òkè, Bass Rock á pòórá níwájú Tantallon, kámẹ́rà náà á máa fi funfun hàn yín. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ wa mọ́tò lọ sí East Fortune, ìṣẹ́jú díẹ̀ sí inú ilẹ̀, níbi tí mùsíọ́mù ọkọ̀ òfuurufú wà. Ẹ ó wọ inú Concorde gidi, ọkọ̀ òfuurufú tó máa ń yára ju ìró lọ. Pápá yẹn kan náà ni R34, ọkọ̀ òfuurufú tí gáàsì ń gbé fò (airship), ti gbéra ní oṣù keje ọdún 1919, tó dé Amẹ́ríkà tó sì padà.

Àwọn tó kù

Àwókù ṣọ́ọ̀ṣì St Andrew wà lẹ́bàá ilé ẹyẹ òkun, ọ̀fẹ́ ni, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló gbà. Ẹ má kàn kọjá rẹ̀. Lọ́dún 1590 ni wọ́n ní àwọn àjẹ́ pàdé níbẹ̀, tí wọ́n gbé ìjì dìde sí ọkọ̀ Ọba James Kẹfà lórí òkun nígbà tó lọ mú ìyàwó rẹ̀ wá láti Denmark. Wọ́n fìyà jẹ Agnes Sampson, agbẹ̀bí ni, títí tó fi jẹ́wọ́, wọ́n sì pa á. Ìjì tó ń dá ọkọ̀ àlejò dúró lónìí níbẹ̀ náà ni.

Etíkun méjì ló wà, yanrìn dáadáa, ọ̀fẹ́. Ti ìlà oòrùn ní adágún tí wọ́n mọ ògiri yí ká, tí òkun máa ń kún fúnra rẹ̀, ó dára fún ọmọdé ju ìgbì lọ. Omi náà tutù dé egungun. Gọ́ọ̀fù? Ìlú gọ́ọ̀fù ni North Berwick, àwọn tó ń gbá a sì ti mọ̀ kí n tó sọ.

Ní ti oúnjẹ, ẹja díndín àti ànàmọ́ òyìnbó díndín ni ti gbogbo èèyàn, ẹdẹ ńlá lobster sì wà fún ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ gbé e. Wọ́n á bi yín bóyá ẹ fẹ́ iyọ̀ àti sọ́ọ̀sì. Ní apá ibẹ̀, sọ́ọ̀sì aláwọ̀ ilẹ̀ tó kan díẹ̀ ni. Ata gígún inú ìgò kékeré tí ẹ mú wá láti ilé ṣì dára jù ú lọ. Ẹ fara ti ògiri jẹ ẹ́. Ẹyẹ gull ibẹ̀ máa ń ti ẹ̀yìn wá, ọwọ́ ọmọdé ló sì máa ń kọ́kọ́ wò.

Ẹni tó bá jẹ́ pé oṣù kọkànlá tàbí ìkejìlá nìkan ló ráyè, kó má retí ọkọ̀, kó má retí gannet. Ìgbà yẹn ni seal aláwọ̀ eérú ń bímọ lórí erékùṣù Isle of May, ọmọ wọn funfun, onírun kìtìkìtì, kámẹ́rà ilé ẹyẹ òkun ni ẹ sì lè fi wò wọ́n láìtutù. Ẹ tètè dé, torí ilẹ̀ ti ń ṣú ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.